Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí: Ìtàn Àwọn Tí Ń To Ìbọn Ọdẹ Nínú Ilé Wọn ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun? Apátí ni ohun tí ọdẹ máa ń fi ìka fà kí ìbọn tó dún. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìbọn náà kò lè ta ẹnikẹ́ni mọ́; síbẹ̀, ọlọ́gbọ́n kan kò ní dúró níwájú rẹ̀. Àwọn tó pa òwe yìí kò ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà lọ́kàn rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ni àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Washington jókòó lé lórí fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n tó gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹta, ọdún 2025. Ìbéèrè tó wà níwájú wọn kò le láti sọ: bí ènìyàn bá ra páálí kan tí ẹ̀yà ìbọn kún inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tò ó pọ̀, ṣé ìbọn ni ó rà, àbí irin lásán?

Kí a tó lè lóye ìdájọ́ náà, ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ tí ènìyàn tí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ, tí kò sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kankan, fi lè jókòó sí ìdí tábìlì nínú ilé rẹ̀ kí ó sì to ìbọn ọdẹ tí yóò dún dáadáa. Ìtàn náà gùn ju 200 ọdún lọ. Ó gba ilẹ̀ Faransé kọjá, ó gba ìlú Lọ́ńdọ̀nù kọjá, ó sì fẹsẹ̀ kan ojú ogun ilẹ̀ Yorùbá pàápàá.

Ìrọ yàtọ̀ sí ìtò

Èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ fún wa. Alágbẹ̀dẹ ní í rọ nǹkan: ó ń rọ ọkọ́, ó ń rọ àdá, ó ń rọ ìbọn. Ẹni tí ohun gbogbo ti wà nílẹ̀ fún ni í tò. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìrọ ni iṣẹ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà. Ní agbègbè Lancaster ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, àwọn àgbẹ̀dẹ ìbọn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tó ti ilẹ̀ Jámánì wá, ni wọ́n ń ṣe ìbọn gígùn tí àwọn ọdẹ ń gbé wọ igbó. Wọ́n á fi iná sọ irin pẹlẹbẹ di ọ̀pá ìbọn, wọ́n á gbẹ́ ojú ìlà yíyípo sínú ihò rẹ̀ kí ọta lè máa yí bí ó ti ń jáde, wọ́n á sì gbẹ́ igi tí yóò gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í fúnra wọn rọ ẹ̀rọ kékeré tí ń ta iná sí ẹ̀tù. Wọ́n ń rà á láti ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá rà náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ayùn irin rẹ́ ẹ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì tún un ṣe títí yóò fi bá ìbọn kan ṣoṣo náà mu.

Ìdí nìyí tí ẹ̀yà ara ìbọn kan kò fi lè wọ ara òmíràn. Bí nǹkan bá kán lára ìbọn ọdẹ lójú ọ̀nà, kò lè yá ti ẹnìkejì rẹ̀ lò. Ó di ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Èyí jẹ́ ìnira fún ọdẹ, ó sì jẹ́ ìnira tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ó ní ànfààní kan tí ẹnikẹ́ni kò pè ní ànfààní nígbà náà. Kò sí ẹni tó lè ní ìbọn láìgba ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ kọjá. Gbogbo ìlú ló sì mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ ọwọ́ rẹ̀ lára ohun tó bá ṣe.

Ọjọ́ tí Jefferson fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó

Ní ọdún 1785, Thomas Jefferson, tí ó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, jẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nílùú Paris. Ó lọ wo iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn ará Faransé kan tí ń jẹ́ Honoré Blanc. Blanc kó ẹ̀yà àádọ́ta ẹ̀rọ ìtaná ìbọn síwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti tú palẹ̀, irú kọ̀ọ̀kan sì wà nínú àpò tirẹ̀. Jefferson ń mú ẹ̀yà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti kàn, ó ń tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo èyí tó tò ló wọ ara wọn régé. Ó kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí John Jay nílé, ó sì ṣàlàyé bí ọgbọ́n yìí yóò ṣe mú àtúnṣe ohun ìjà rọrùn.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Agbẹjọ́rò ni Jefferson, òǹkọ̀wé ni, olóko ni pẹ̀lú. Kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Síbẹ̀, ó to ẹ̀rọ ìbọn. Ọgbọ́n tó yẹ kí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú irin náà kí ó tó dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó mọ iṣẹ́ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín.

Kò tètè délé o. Lọ́dún 1798, Eli Whitney gba iṣẹ́ 10,000 ìbọn lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Ní 1801, ó lọ fi ẹ̀yà tó lè pààrọ̀ ara wọn han àwọn aláṣẹ ní Washington, Jefferson wà níbẹ̀, ẹnu sì ya gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n 1809 ni ó tó kó ìbọn náà pé, àwọn òpìtàn tó sì tú èyí tó ṣẹ́ kù lára wọn wò lẹ́yìn náà rí i pé ẹ̀yà wọn kò lè pààrọ̀ ara wọn bí a ti sọ. Ẹni tó mú àlá náà ṣẹ ni John Hall, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìrọ́ ìbọn ìjọba ní Harpers Ferry. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí Hall ń fà yọ ni ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ń gé irin sí ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà, ó sì ṣe òṣùwọ̀n tí òṣìṣẹ́ fi ń yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní nǹkan bí ọdún 1827, wọ́n tú ìbọn rẹ̀ palẹ̀, wọ́n da ẹ̀yà wọn pọ̀, wọ́n tún wọn tò, ó sì ṣeé ṣe. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Simeon North, tó ń ṣiṣẹ́ ní Connecticut tó jìnnà réré sí Harpers Ferry, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn tí ẹ̀yà rẹ̀ bá ti Hall mu.

Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Kírìjì

Ní ibi Ìpàtẹ Ńlá tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1851, ilé iṣẹ́ Robbins and Lawrence láti ìpínlẹ̀ Vermont pàtẹ ìbọn mẹ́fà tí ẹ̀yà wọn lè pààrọ̀ ara wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wò ó, wọ́n sì rán ìgbìmọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn ìgbìmọ̀ náà ra ẹ̀rọ níbẹ̀, wọ́n sì kó o wá sí ilé ìrọ́ ìbọn ìjọba ní Enfield. Láti 1866, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀yìn ìbọn Enfield tí wọ́n ń kì láti ẹnu, wọ́n ń fi ẹ̀yà tuntun tí Jacob Snider ọmọ Amẹ́ríkà ṣe sí i, ó sì di ìbọn tí wọ́n ń kì láti ẹ̀yìn. Ìbọn àtijọ́ di tuntun nípa fífi ẹ̀yà kan kún un. Snider ni gbogbo ayé ń pè é.

Àwọn tó ka ìtàn ilẹ̀ Yorùbá mọ orúkọ yẹn. Nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń ṣòwò ní Èkó fi irú ìbọn yìí ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn lójú ogun. Ìbọn tí a ń kì láti ẹnu ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn. Kí ẹni tó mú un dání tó da ẹ̀tù sí i, kí ó tó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, ẹni tó mú Snider ti yìn tirẹ̀ léraléra. Ìró ìbọn tí kò dá ló jẹ́ kí a máa pe ogun náà ní Kírìjì. Àrẹ Látòósà, tí gbogbo ayé ń wárìrì fún, kú sí ibùdó ogun ní 1885 láìrí òpin rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà irin tí ń pààrọ̀ ara wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó nìkan. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ní Harpers Ferry dé Ìmèsí kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn.

Ìbọn ogun di ìbọn ìgbafẹ́

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, bí ogun bá ti parí, ìbọn ogun a máa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ààrẹ Theodore Roosevelt, tí ó fẹ́ràn ọdẹ púpọ̀, ní kí ilé ìrọ́ ìbọn ìjọba ní Springfield bá òun yí ìbọn ológun ọdún 1903 padà sí ìbọn ọdẹ. Òun ni ó wà lára èyí tó gbé lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1909. Ohun tí ààrẹ ní kí ìjọba ṣe fún òun ni àwọn mẹ̀kúnnù padà ń fọwọ́ ara wọn ṣe. Láti 1916, ọ́fíìsì ìjọba kan wà tí ń ta ìbọn tí ológun kò lò mọ́ fún àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ìtafojúsùn, ní owó pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìbọn Mauser àti Enfield tó ti parí iṣẹ́ wọ́ wọ Amẹ́ríkà bí omi.

Oníbàárà á ra ìbọn ogun kan, á tú igi wúwo tó wà lára rẹ̀ kúrò, á sì ra igi tí ilé iṣẹ́ kan ti gbẹ́ kù díẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn ọdẹ á sì kọ́ ọ bí yóò ṣe parí rẹ̀. Ní alẹ́ ìgbà òtútù, nígbà tí yìnyín bá bo oko, bàbá ilé á wà ní yàrá abẹ́ ilé, yóò máa fi páálí oníyanrìn ha igi, yóò máa fi òróró pa á. Bí oṣù ọdẹ bá dé, ó ti ní ìbọn tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì lè tọ́ka sí pé iṣẹ́ ọwọ́ òun nìyí.

Àwọn mìíràn padà sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1933, àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí ìbọn tí a ń kì láti ẹnu dá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè sílẹ̀, kí ìmọ̀ àwọn àgbẹ̀dẹ Lancaster má baà parẹ́. Turner Kirkland dá Dixie Gun Works sílẹ̀ ní Union City, ìpínlẹ̀ Tennessee, lọ́dún 1954, ó ń ta ẹ̀yà fún wọn. Ní 1970, ilé iṣẹ́ Thompson/Center gbé ìbọn Hawken jáde, ènìyàn sì lè rà á ní odindi tàbí kí ó rà á ní àkójọ ẹ̀yà nínú páálí kí ó lọ parí rẹ̀ nílé. Ọ̀pá ìbọn ti wà ní gbígbẹ́, ẹ̀rọ ìtaná ti pé. Igi tó fẹ́ kí a ha á, idẹ tó fẹ́ kí a dán an, àti irin funfun tó fẹ́ kí a pa á láró, ni iṣẹ́ tó kù. Bàbá àti ọmọ a máa lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí rẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń ṣe é, ẹni tó bá sì pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìwà ọ̀daràn kò mọ ohun tó ń sọ. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ ka ìbọn irú èyí kún ìbọn. Nǹkan àtijọ́ ni ó kà á sí.

Ìbọn tí ilé ìfìwéránṣẹ́ gbé wá

Ní oṣù Kẹta ọdún 1963, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní A. Hidell ra ìbọn ológun ilẹ̀ Ítálì kan lọ́wọ́ ilé ìtajà Klein's ní Chicago. Ìpolówó ọjà inú ìwé ìròyìn ni ó rí. Owó rẹ̀, pẹ̀lú awò tí a fi ń wo ọ̀kánkán, jẹ́ dọ́là 19 àti sẹ́ńtì 95, owó ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ dọ́là kan àti ààbọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n gbà fi í ránṣẹ́ sí Dallas, ẹnikẹ́ni kò sì rí ojú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Lee Harvey Oswald. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n pa Ààrẹ John Kennedy, ìgbìmọ̀ Warren sì sọ pé ìbọn yìí ni Oswald fi pa á.

Odidi ọdún márùn-ún ni Ilé Aṣòfin fi fa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀, títí tí wọ́n fi tún pa Martin Luther King àti Robert Kennedy lọ́dún 1968. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá ọdún náà, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tuntun. Òfin náà fòpin sí fífi ìbọn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì láìgba ọwọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ. Ó pàṣẹ pé kí oníṣòwò kọ orúkọ ẹni tó bá rà á sílẹ̀, kí ìbọn kọ̀ọ̀kan tí ilé iṣẹ́ bá ṣe sì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ìbọn òkèèrè tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó yẹ fún eré ìdárayá tàbí ọdẹ.

Níbí yìí ni ìṣòro tí à ń sọ ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 1938 tó wà ṣáájú rẹ̀ ti sọ pé ẹ̀yà ìbọn èyíkéyìí jẹ́ ìbọn. Àwọn aṣòfin 1968 rí i pé kò ṣeé ṣe láti máa kọ orúkọ ẹni tó ra ìṣó kékeré tàbí irin wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá mú ẹ̀yà kan ṣoṣo, wọ́n gbé orúkọ ìbọn lé e lórí. Ẹ̀yà náà ni irin àárín tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní receiver. Lára rẹ̀ ni nọ́ńbà máa ń wà. Ọ̀pá ìbọn, igi ìdí rẹ̀, apátí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ọjà lásán tí ẹnikẹ́ni lè rà. Òfin náà kò sì dí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìbọn fún ìlò ara rẹ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dandan kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà. Kí ni ìdí? Àwọn aṣòfin gbà pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ni yóò lè ṣe é. Wọ́n fi ògiri òfin wọn ti ògiri iṣẹ́ ọwọ́. Wọn kò kíyè sí i pé ògiri kejì yẹn ti ń wó láti ọjọ́ tí Jefferson ti jókòó sídìí iṣẹ́ Blanc.

Nígbà tí ìdajì di odindi

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Eugene Stoner, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ ArmaLite ní California, ya àwòrán ìbọn tí wọ́n ń pè ní AR-15. Ilé iṣẹ́ Colt ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1959, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú kan fún ará ìlú ní àárín àwọn ọdún 1960. Sporter ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kí ayé lè mọ̀ pé ìbọn eré ìdárayá ni. Àárín ìbọn yìí pín sí méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, ìjọba sì pinnu pé ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò máa jẹ́ ìbọn lójú òfin. Nígbà tí ẹ̀tọ́ Colt lórí iṣẹ́ náà parí lọ́dún 1977, ilé iṣẹ́ mìíràn lè ṣe ẹ̀yà rẹ̀ bó ti wù wọ́n. Gbogbo ẹ̀yà náà bá ara wọn mu, láti ọwọ́ ẹni yòówù kí ó ti wá. Ohun tí Hall àti North ṣe láàárín ilé iṣẹ́ méjì ti di ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé iṣẹ́ ń ṣe. Ẹni tó bá ra ìsàlẹ̀ yẹn lọ́wọ́ oníṣòwò, tí wọ́n yẹ orúkọ rẹ̀ wò, lè ra gbogbo ìyókù kí wọ́n gbé e wá bá a nílé bí ẹni ra bàtà.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, wàhálà kò ní pọ̀. Ìbọn ṣì ní nọ́ńbà, ẹni tó rà á sì ní orúkọ lọ́wọ́ òfin. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kan ronú síwájú: bí irin àárín nìkan bá ni ìbọn, bí a bá wá dá a dúró nígbà tó kù díẹ̀ kí ó pé ńkọ́? Wọ́n ń ta irin tí iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀, wọ́n sì ń ta ẹ̀yà yòókù pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ìbọn, nítorí náà kò ní nọ́ńbà, wọn kò sì ní láti bi oníbàárà léèrè orúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí kan, ti ìbọn gígùn àti ti ìbọn ìléwọ́.

Àbájáde rẹ̀ hàn nínú ìwé àwọn ọlọ́pàá. Ní 2017, nǹkan bí 1,600 ìbọn tí kò ní nọ́ńbà ni àwọn agbófinró kó wá sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n bá àwọn tọpa rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2021, iye náà ti kọjá 19,000. Àwọn kan ń pè é ní ìbọn iwin, nítorí pé kò ní ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tọ̀. Bí ọlọ́pàá bá rí ìbọn tó ní nọ́ńbà níbi tí wọ́n ti pa ènìyàn, wọ́n lè béèrè ibi tí ìbọn náà ti jáde, ẹni tó tà á, àti ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Bí kò bá ní nọ́ńbà, ìbéèrè parí síbẹ̀, ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ sì jókòó sílé láìrí ìdáhùn.

Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ, àti ohun tí kò sọ

Ní 2022, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn gbé ìlànà jáde pé páálí ẹ̀yà tó bá ṣeé tètè sọ di ìbọn jẹ́ ìbọn. Àwọn oníṣòwò àti àwọn oníbàárà pè é lẹ́jọ́. Nígbà tó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án fara mọ́ ìlànà náà. Adájọ́ Neil Gorsuch ló kọ ìdájọ́ náà, ẹni tí kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀sùn kàn án pé ó jẹ́ ọ̀tá ìbọn. Ó mú páálí ìbọn ìléwọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ẹnìkan tò tán nínú ìṣẹ́jú 21. Ó ní ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀ fi hàn pé a máa ń fi orúkọ ohun tó pé pe èyí tí kò tíì pé: ẹni tó bá ra tábìlì tí a ó tò nílé máa ń sọ pé tábìlì ni òun rà, òǹkọ̀wé a sì máa sọ pé ìtàn òun nìyí nígbà tí kò tíì kọ ọ́ parí.

Adájọ́ Clarence Thomas àti Samuel Alito kò fara mọ́ ọn. Thomas ní àwọn aṣòfin ló kọ òfin, ohun tí wọ́n sì kọ ni irin àárín, kì í ṣe irin tí yóò di irin àárín lọ́la. Ó ní bí ìjọba bá fẹ́ kí òfin gùn sí i, kí ó padà lọ bá àwọn aṣòfin. Àríyànjiyàn yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Òfin tí a lè fa gùn lónìí fún ohun rere, ẹlòmíràn lè fà á gùn lọ́la fún ohun búburú.

Ó sì tún yẹ kí a sọ ohun tí ìdájọ́ náà kò ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìròyìn ló gbé e gba ọ̀nà òdì. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má to ìbọn nílé mọ́. Kò kan àwọn tó ń fi páálí oníyanrìn ha igi ìbọn Hawken. Kò tilẹ̀ sọ pé gbogbo páálí ẹ̀yà ni ó jẹ́ ìbọn. Ó sọ pé àwọn kan jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú. Ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń ta irú páálí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, kí ó fi nọ́ńbà sí i, kí ó sì mọ ẹni tó tà á fún.

Tiwa ńkọ́?

Òǹkàwé kan lè béèrè pé kí ni ó kàn wá níbẹ̀. Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, tí a ṣe lọ́dún 1959, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ka ìbọn ṣakabùlà tí a ń kì láti ẹnu mọ́ ìbọn, ó sì sọ pé ẹ̀yà èyíkéyìí lára ìbọn jẹ́ ìbọn. Ohun tí Amẹ́ríkà jù nù ní 1968 ni àwa mú dání títí dòní. Bí a bá fi òwe àwọn àgbà wọ̀n ọ́n, òfin wa ló bá òwe náà mu jù: ó ní apátí, kò ní apátí, ìbọn ni.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìwé ìròyìn lórílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé òfin tó gbòòrò kò dá ìbọn dúró. Àwọn tí ń rọ ìbọn ní ìkọ̀kọ̀ kò yéé rọ ọ́, ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé kì í sì í gbọ́ ibi tí ìbọn náà ti wá. Amẹ́ríkà ní òfin tóóró, ó sì ní ìwé àkọsílẹ̀. Nígbà tí ìwé àkọsílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọ́n mọ ibi tó ti ń jò, wọ́n mọ iye tó jò, wọ́n sì bá ara wọn fà á ní gbangba títí dé iwájú adájọ́. Àwa ní òfin fífẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá béèrè iye ìbọn tí kò ní nọ́ńbà tí àwọn ọlọ́pàá gbà lọ́dún tó kọjá àti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, ta ni yóò dá a lóhùn?

Nígbà tí ó jẹ́ pé ìrọ ni iṣẹ́ ìbọn, ojú alágbẹ̀dẹ ni ìlú fi ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó di ìtò, nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára irin ló gba ipò alágbẹ̀dẹ náà. Ẹni tó fẹ́ràn ọdẹ, tó sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìbọn tí yóò gbé wọ igbó, kò ní ohun tó pàdánù bí ìbọn rẹ̀ bá ní nọ́ńbà. Ìgbéraga iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní odindi. Ẹni tí nọ́ńbà náà ni lára ni ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ló ni ìbọn, ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí a béèrè orúkọ rẹ̀ kí a tó gbé páálí náà fún un.